NÍBO NI ÈRÈ NÁÀ TI Ń WÁ? Ìbéèrè tí wọn kò béèrè ní London l'ọ́dún 1720, tí wọn kò sì béèrè l'Ékòó l'ọ́dún 2008

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù l'ọ́gbọ́n. Òwe náà dára púpọ̀, àmọ́ tó bá ti kan ọ̀rọ̀ owó, ó jọ pé etí ọmọ aráyé máa ń di sí i. Ẹnì kan á jìn sí kòtò, ará yòókù á dúró l'étí rẹ̀, wọ́n á máa káàánú, wọ́n á máa mirí. Kò ní pẹ́, kò ní jìnnà, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń gbà kí èèyàn tó lè bẹ́ sínú kòtò mìíràn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ n'Íbàdàn l'óṣù kẹrin ọdún 2025. Àwọn kan tí wọ́n ń pe òwò wọn ní CBEX ti sọ fún aráàlú pé kọ̀ǹpútà tó gbọ́n bí èèyàn ni àwọn fi ń ṣòwò, àti pé owó tí èèyàn bá fi síbẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan. Ṣàdédé ni àwọn tó fẹ́ gba owó wọn kò rí i gbà mọ́. Ni inú bá bí àwọn kan, wọ́n ya wọ ọ́fíìsì CBEX tó wà n'Íbàdàn, wọ́n sì kó àga àti ẹrù tí wọ́n bá níbẹ̀ lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fi owó tó fẹ́ fi kọ́lé síbẹ̀, tó wá gbé àga kan jáde, inú ilé wo ni yóò gbé àga náà sí?

Sogúndogójì ni Yorùbá ń pe irú òwò bẹ́ẹ̀. Èèyàn gbé ogún kalẹ̀, ó ní kó di ogójì kí ilẹ̀ tó mọ́. Orúkọ rẹ̀ ń yí padà, aṣọ rẹ̀ ń yí padà, ìwà rẹ̀ kì í yí. Ó ti wà láyé kí Nàìjíríà tó wà, ó ti mú ọ̀mọ̀wé, ó ti mú mínísítà, ó sì ti wọ inú báńkì ńláńlá tó ní òfin àti ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Bí èèyàn bá tú ìtàn owó wò láti 300 ọdún sẹ́yìn, yóò rí i pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń ṣòro fún àwọn èèyàn láti béèrè nígbà tí owó bá ń dùn: Níbo ni èrè náà ti ń wá?

ÒWÒ DÚRÓ, OWÓ ṢÍÀ Ń FÒ

L'ọ́dún 1711, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní London, South Sea Company l'orúkọ rẹ̀. Ogun ti sọ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì di onígbèsè ńlá nígbà náà. Wọ́n wá ṣe àdéhùn pé kí àwọn tí ìjọba jẹ l'ówó kó ìwé gbèsè wọn fún ilé-iṣẹ́ yìí, kí ilé-iṣẹ́ náà sì fún wọn ní ìpín ìdókòwò, ìyẹn ṣíà, dípò rẹ̀. Ìjọba náà fún un láṣẹ pé òun nìkan ni kó máa bá àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Spéènì ní Gúúsù Amẹ́ríkà ṣòwò.

Kí sì ni ọjà tí wọ́n fẹ́ tà? Èèyàn ni. L'ọ́dún 1713, Spéènì gbà kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa kó ẹrú 4,800 láti Áfíríkà lọ sí àwọn ìlú náà lọ́dọọdún, South Sea Company ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ ibi yìí lé lọ́wọ́. Yàtọ̀ sí ẹrú, ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo ni wọ́n gbà kó máa kó ọjà mìíràn lọ l'ọ́dún. Nígbà tó di ọdún 1718, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Gẹ̀ẹ́sì àti Spéènì, òwò náà dẹnu kọlẹ̀. Owó gidi tó ṣẹ́kù tó ń wọlé fún ilé-iṣẹ́ náà kò ju èlé tí ìjọba ń san lórí gbèsè lọ.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí owó ṣíà rẹ̀ ṣe. L'óṣù kìíní ọdún 1720, nǹkan bíi £128 ni wọ́n ń ra ìpín kan. Nígbà tó di àárín ọdún kan náà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £1,000. Òwò kò tíì gbéra nílẹ̀ o! Spéènì kò tíì ṣílẹ̀kùn. Kí ló wá gbé owó ṣíà fò bí ẹyẹ?

Owó yíyá ni. Ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló ń yá àwọn èèyàn l'ówó kí wọ́n lè ra ṣíà rẹ̀, ṣíà náà gan-an ló sì ń gbà ṣe ìdúró. Ó tún ń gba owó ní díẹ̀díẹ̀. L'óṣù kẹfà, wọ́n pe ìpín kan ní £1,000, àmọ́ £100 péré ni wọ́n ní kí èèyàn kọ́kọ́ mú wá, kó máa san ìyókù tó bá yá. Ẹni tí kò ní ju £100 lọ wá ń rìn bí ẹni tó ní £1,000. Bí ẹni tuntun ṣe ń wọlé ni owó ń ga, bí owó ṣe ń ga ni ẹni tuntun ń wọlé. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rà lánàá ń jèrè lọ́wọ́ ẹni tó rà lónìí. Èrè kankan kò ti inú ọkọ̀ ojú omi wá.

Ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, George Kìíní, ni gómìnà ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn mínísítà àti àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gba ṣíà lọ́wọ́ wọn bí àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ta ni yóò wá sọ pé ibi tí ọba wà kò dára?

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ yẹ kó dun èèyàn jù níbẹ̀ ni Isaac Newton, àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí gbogbo ilé ìwé ayé ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ rẹ̀ títí dòní. Òun ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ń rọ owó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà kò sí ẹni tó lè sọ pé kò mọ owó. Newton ra ṣíà yìí ní kùtùkùtù, ó tà á, ó jèrè tó jọjú. Ká ní ó dúró síbẹ̀ ni, ayọ̀ ni ì bá jẹ́. Àmọ́ lẹ́yìn tó tà á tán, owó ṣíà tún ń ga sí i, àwọn tí kò tà ń di olówó l'ójú rẹ̀. Ara rẹ̀ kò gbà á, ó tún padà sínú rẹ̀ nígbà tó ti wọ́n kọjá àlà. Wọ́n ní ohun tó pàdánù tó nǹkan bíi £20,000, owó ńlá gbáà l'áyé ìgbà náà.

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án fi máa parí, ṣíà náà ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi £150. Akápò ilé-iṣẹ́ náà, Robert Knight, sá kúrò n'ílùú l'ọ́dún tó tẹ̀lé e. John Aislabie, mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ owó, bá ara rẹ̀ l'átìmọ́lé. Àmọ́ ẹni tó ti pàdánù ti pàdánù ná.

OWÓ ADÉ NI WỌ́N FI Ń SAN TI ÒJÓ

Igba ọdún lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin kan dìde ní ìlú Boston l'Amẹ́ríkà, Charles Ponzi. Ó ní ìwé kan wà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń tà, tí èèyàn lè rà ní owó pọ́ọ́kú l'órílẹ̀-èdè kan, kó sì fi gba sítáǹbù tó níye lórí jù bẹ́ẹ̀ lọ l'órílẹ̀-èdè mìíràn. Ìwé náà wà lóòótọ́. Ponzi wá ṣèlérí pé ẹni tó bá gbé owó wá, láàárín ọjọ́ 45, òun yóò fi ìdajì owó náà lé e fún un. L'ọ́dún 1920, àwọn èèyàn tò síwájú ọ́fíìsì rẹ̀ bí ẹni ń to ìlà epo.

Àwọn ìwé ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ọ̀gbẹ́ni kan tó mọ̀ nípa owó dáadáa, Clarence Barron, jókòó, ó ṣe ìṣirò. Ó ní kí Ponzi tó lè ṣe ohun tó ń sọ yìí, irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó máa wà níta gbọ́dọ̀ tó mílíọ̀nù 160. Iye tó wà níta ní gbogbo ayé? Nǹkan bíi 27,000! Ó tán. Owó tí Adé mú wá l'áàárọ̀ ni Ponzi fi ń san èrè Òjó l'álẹ́. Wọ́n mú un l'óṣù kẹjọ ọdún náà. Ilé ìwòsàn àwọn aláìní ní ìlú Rio de Janeiro ni ó kú sí l'ọ́dún 1949.

Ìṣirò Barron yìí kò le, ọmọ ilé ìwé lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí èèyàn fi wo MMM tó wọ Nàìjíríà ní ìparí ọdún 2015. Sergei Mavrodi, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ni baba ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ti Rọ́ṣíà ti dà wó l'ọ́dún 1994, wọ́n sì ti dá ẹ̀wọ̀n fún un nítorí jìbìtì l'ọ́dún 2007, kí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá. Ìlérí tó ṣe ni N30 lórí N100 l'óṣooṣù.

Ẹ mú N100,000, kí ẹ máa fi èrè lé e bẹ́ẹ̀ l'óṣooṣù láìfọwọ́ kàn án. Tó bá pé ọdún kan, yóò ti lé ní mílíọ̀nù méjì náírà. Tó bá pé ọdún méjì, yóò ti lé ní mílíọ̀nù 54. Tó bá pé ọdún mẹ́ta, yóò ti lé ní bílíọ̀nù kan. Èyí tó jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn o, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú N100,000. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń ṣe tó ń mú irú owó bẹ́ẹ̀ wá? Oko kòkó ni? Kànga epo ni? Kò sí iṣẹ́ kankan. L'ọ́jọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2016, nígbà tí onílé-lálejò ń múra ọdún Kérésì, MMM ti ìlẹ̀kùn owó. Àjọ NDIC tó ń dáàbò bo owó tí aráàlú ní ní báńkì sọ lẹ́yìn náà pé nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà ló pàdánù, àpapọ̀ owó wọn sì tó bílíọ̀nù 18 náírà.

Ẹ sì wo alájọ inú ọjà. Ìyá aláta dá N500 fún un lójoojúmọ́, tí oṣù bá parí, alájọ yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, ó kó ìyókù fún un. Ìyá aláta mọ̀ pé òun ló ń sanwó fún ẹni tó ń bá òun tọ́jú owó. Ọgbọ́n gidi nìyẹn. Kí ló wá ń ṣe ọmọ rẹ̀ tó kàwé yunifásítì, tó fi gbà pé ẹnì kan tí òun kò rí rí yóò máa san N30 lórí N100 fún òun nítorí pé ó bá òun tọ́jú owó?

ÈKÓ, 2008: ṢÍÀ GIDI, OWÓ YÍYÁ

Àwọn kan á ní: "Àwa kì í ṣe sogúndogójì. Ṣíà ilé-iṣẹ́ tó l'órúkọ, tí ìjọba mọ̀, l'àwa ń rà." Ó dára. Ẹ̀kọ́ ọdún 2008 wà fún irú wọn.

L'óṣù keje ọdún 2004, ọ̀gá àgbà báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Chukwuma Soludo, kéde pé owó ìpìlẹ̀ báńkì kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ bílíọ̀nù méjì náírà, gbọ́dọ̀ di bílíọ̀nù 25 kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 tó wà dàpọ̀ mọ́ ara wọn títí wọ́n fi ku 25. Kí wọ́n lè rí owó náà, wọ́n jáde sí ìta gbangba láti ta ṣíà. Tíṣà rà, òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì rà, oníṣòwò rà, wọ́n tún ra ti ọmọ tó ṣì wà l'ẹ́yìn ìyá rẹ̀. Owó ṣíà sì ń ga. Ẹni tí kò ní ṣíà l'áyé ìgbà náà, ojú ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀ ni wọ́n fi ń wò ó.

Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn fúnra rẹ̀. Báńkì ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń san èrè fún àwọn tó ní ìpín. Àmọ́ nígbà tó yá, àrùn London wọ Èkó. Àwọn báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í yá oníbàárà àti àwọn alágbàtà ṣíà l'ówó láti fi ra ṣíà, ṣíà náà ni wọ́n sì ń gbà ṣe ìdúró. Àwọn báńkì kan tilẹ̀ yá àwọn èèyàn l'ówó láti fi ra ṣíà báńkì náà fúnra rẹ̀! Ohun tí South Sea Company ṣe l'ọ́dún 1720 gẹ́lẹ́ nìyẹn, bí ẹni pé wọ́n da ìwé wọn kọ.

L'ọ́jọ́ 5 oṣù kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ọjà ìpín ìdókòwò ṣe ń lọ gòkè dé 66,371. Gbogbo ṣíà tó wà nínú ọjà náà tó tírílíọ̀nù 12.6 náírà. Ibẹ̀ ni òkè pin sí. Wàhálà owó tó bẹ̀rẹ̀ l'Amẹ́ríkà ń tàn káàkiri ayé, àwọn òyìnbó tó ra ṣíà ní Nàìjíríà ń tà á kí wọ́n lè kó owó wọn relé. Owó ṣíà rẹlẹ̀, ìdúró tí báńkì gbà kò tó gbèsè mọ́, báńkì ní kí onígbèsè wá san owó. Onígbèsè kò ní nǹkan mìíràn láti tà ju ṣíà náà lọ. Ó gbé e jáde, gbogbo wọn gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni yóò wá rà á? Nígbà tí ọdún 2008 fi parí, òṣùwọ̀n náà ti já sí nǹkan bíi 31,450. Nígbà tí ọdún 2009 parí, kò ju nǹkan bíi 20,800 lọ.

Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ rà á pàdánù, àmọ́ ṣíà rẹ̀ ṣì wà l'ọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó yáwó rà á pàdánù ṣíà, ó sì tún jẹ gbèsè lé e. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì kì í ṣe kékeré.

L'ọ́jọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2009, ọ̀gá àgbà tuntun ní báńkì àpapọ̀, Sanusi Lamido Sanusi, yọ àwọn ọ̀gá báńkì márùn-ún n'ípò l'ọ́jọ́ kan ṣoṣo. L'óṣù kẹwàá, ó tún yọ ti mẹ́ta mìíràn. Bílíọ̀nù 620 náírà ni báńkì àpapọ̀ kó sínú àwọn báńkì tó wà nínú wàhálà kí wọ́n má bàa dojú dé. Síbẹ̀, l'óṣù kẹjọ ọdún 2011, wọ́n gba ìwé àṣẹ mẹ́ta nínú wọn: Afribank, Bank PHB àti Spring Bank. Àwọn tó kó owó pamọ́ síbẹ̀ rí owó wọn gbà. Àwọn tó ní ṣíà níbẹ̀ ńkọ́? Ṣíà wọn di ìwé lásán.

IYE NÁÀ PADÀ, OWÓ KÒ PADÀ

Ó di ọdún 2023 kí òṣùwọ̀n ọjà náà tó tún padà sí 66,371, ìyẹn ọdún 15 gbáko. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 50 nígbà tó rà á ti di ẹni ọdún 65. Àwọn kan sì dunnú pé owó ti padà. Ṣé òótọ́ ló padà? L'ọ́dún 2008, dọ́là kan kò tó N120 fún ìgbà pípẹ́ nínú ọdún náà. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2023, ó ti lé ní N700. Iye náà bá ara mu l'órí ìwé, àmọ́ ohun tí owó náà lè rà kò bá ara mu rárá.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí èèyàn lọ di owó rẹ̀ sí abẹ́ ìbùsùn. Àyọkà náírà òkè yìí fi hàn pé owó tó sùn sábẹ́ ìbùsùn náà ń kú díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ní ṣíà ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ gidi, tó fi owó ara rẹ̀ rà á ní iye tó mọ níwọ̀n, tó sì ń gba èrè rẹ̀ lọ́dọọdún, kò ṣe àṣìṣe. Ohun tí ìtàn ń sọ ni pé kí èèyàn mọ ohun tó rà.

KÍ ẸNI TÓ NÍ OWÓ L'ỌWỌ́ TÓ GBÉ E KALẸ̀

Àkọ́kọ́, kí ó béèrè ibi tí èrè ti ń wá. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta sìmẹ́ǹtì, ẹni tó ra sìmẹ́ǹtì ló ń san èrè. Ilé tí wọ́n fi rẹ́ǹtì, ayálégbé ló ń san án. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń san èrè ẹni tó wà níwájú, ẹni tó bá wọlé kẹ́yìn ni yóò san ti gbogbo wọn.

Ìkejì, kí ó má fi owó yíyá ra ohun tí owó rẹ̀ lè já lọ́la. Gbèsè kì í wálẹ̀ nítorí pé ṣíà wálẹ̀. Bákan náà ni owó ilé ìwé ọmọ àti owó oògùn kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀.

Ìkẹta, kí ó má fi èèyàn ńlá ṣe ẹ̀rí. Ọba ni gómìnà South Sea Company. Newton mọ ìṣirò ju gbogbo ẹni tó wà n'ílùú lọ. Bí pásítọ̀, ààfáà, ọ̀gá ibi iṣẹ́ tàbí àbúrò ẹni bá ti wà nínú rẹ̀, ohun tó fi hàn ni pé àwọn náà wà nínú rẹ̀.

Ìkẹrin, kí ó wádìí ìwé àṣẹ l'ọ́dọ̀ àjọ SEC, tó ń mójú tó òwò ìpín ìdókòwò ní Nàìjíríà, kó tó sanwó. Àmọ́ kó rántí pé àwọn báńkì ọdún 2008 ní ìwé àṣẹ. Ìwé àṣẹ ń fi hàn pé ìjọba mọ ilé wọn, kò fi hàn pé èrè yóò wá.

Wọ́n á tún dé. Wọ́n lè má jẹ́ MMM, wọ́n lè má jẹ́ CBEX, ó sì lè jẹ́ ohun tó dára gan-an l'owó rẹ̀ yóò tún fò kọjá àlà. Wọ́n á ní kí èèyàn tètè wọlé kí ààyè tó kún. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òwò tó bá dára lónìí, yóò ṣì dára l'ọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn tí èèyàn bá ti béèrè ọ̀rọ̀ tán. Èyí tí kò bá lè dúró de ìbéèrè kan ṣoṣo, kí ó máa lọ.